Bẹ́ ẹ ṣe lè lo dóńgóyárò láìfi ṣe ara yín léṣe

Ní Ṣágámù níbí, ẹ ò lè rìn jìnnà kẹ́ ẹ má rí dóńgóyárò, pàápàá lápá Sábó lọ́dọ̀ àwọn Hausa tó ń ra obì wa. Àwọn náà ló ni orúkọ yẹn, dogon yaro, ọmọkùnrin tó ga. Igi náà fúnra ẹ̀, apá Íńdíà ló ti wá.

Ẹ já ewé ẹ̀ kan kẹ́ ẹ fẹnu tọ́ ọ wò. Ẹ mumi mumi, kíkorò yẹn ṣì máa wà nídìí ahọ́n. Inú ohun tó korò yẹn náà ni oògùn wà. Ní 1942 ni Salimuzzaman Siddiqui, onímọ̀ kẹ́místírì ní Íńdíà, yọ nimbin, ọ̀kan lára àwọn èròjà kíkorò yẹn, jáde látinú òróró ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn làwọn míì wá rí azadirachtin, nimbolide àti gedunin. Inú kóró ni azadirachtin pọ̀ sí jù, nimbolide ní tiẹ̀, inú ewé. Ẹ jọ̀ọ́, ewé lọ́tọ̀, kóró lọ́tọ̀, òróró lọ́tọ̀, ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò ìkejì.

Tára bá ń yún yín tàbí kúrúnà ń dà yín láàmú, ẹ fọ ewé tútù ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin, ẹ sè é títí omi á fi pọ́n bíi tíì, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́rọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó fi wẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi pa apá níbi kékeré, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ dọjọ́ kejì, torí ara ò jọra. Bí ibẹ̀ bá ti ń ṣọyún, ọsibítù ló kàn.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù wá nìyí, kóró. Ẹ ṣa èso tó ti pọ́n nídìí igi, ẹ fọ ẹran ara ẹ̀ kúrò, ẹ sá kóró sábẹ́ ibòji, ẹ má sá a sóòrùn rárá torí òòrùn máa ń ba azadirachtin tó ń dá kòkòrò lọ́wọ́ kọ́ jẹ́. Tó bá gbẹ dáadáa, ẹ pa á, ẹ gún ohun tó wà nínú ẹ̀, òórùn ẹ̀ á máa ta bíi áyù. Gíráàmù 50 sí lítà omi kan, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ẹ bu ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé, kẹ́ ẹ wá fọ́n ọn sí ẹ̀fọ́ àti ilá nírọ̀lẹ́. Kòkòrò ò ní kú lójú ẹsẹ̀ o, àwọn èèyàn á ní kò ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ní lè jẹun dáadáa mọ́, kò dẹ̀ ní lè bọ́ awọ láti dàgbà. Tẹ́ ẹ bá ń kó ẹ̀wà pa mọ́, ewé tẹ́ ẹ sá gbẹ lábẹ́ ibòji ni kẹ́ ẹ máa tẹ́ sáàárín ẹ̀. Ìyá mi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ orúkọ kẹ́míkà kankan.

Tó bá wá kan mímu, ẹ rọra. Nimbolide àti gedunin ń pa kòkòrò ibà nínú láàbù lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ike láàbù yàtọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, tó bá jẹ́ ibà, ẹ lo ACT, ìyẹn oògùn ibà alápapọ̀, tán, ẹ má torí àgbo dá a dúró. Aboyún àtẹni tó ń wá oyún ò gbọdọ̀ mu ún. Kí ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, torí méjèèjì lè jọ fa ṣúgà ara wálẹ̀ jù.

Òróró ẹ̀ ló wá burú jù fọ́mọdé. Wọ́n fún ọmọ kékeré kan ládùúgbò wa ní ṣíbí kan nítorí ikọ́, kò pẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ojú ẹ̀ yí, gìrì mú un. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é tá a fi gbé e dé ọsibítù. Ó ti pa àwọn ọmọ míì níbòmíì, ẹ má tọ́ ọ sọ́mọ lẹ́nu láé, ẹ gbé ìgò ẹ̀ sókè níbi tọ́wọ́ ọmọ ò lè dé.

Omi ewé tẹ́ ẹ fi wẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ dọ̀la, ó máa ń kan. Ẹ dà á nù kẹ́ ẹ se òmíì.