Bí a ṣe fi pésímékà sáyà Mọ́mì mi, àti ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó sanwó

Àwọn tó ń pè mí lórí ọ̀rọ̀ pésímékà Mọ́mì mi, ẹ̀rọ kékeré oníwáyà tó ń ta ọkàn jí tó bá ti fẹ́ dákẹ́, ti pọ̀ jù, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn alábàágbé wa l'Ókè-Fìà, kódà ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí lọ gba nọ́ńbà mi lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí n máa fi ránṣẹ́ séèyàn. Mi ò kì í ṣe dókítà o. Èmi ni mo kàn ń gbé wọn kiri, tí mo sì ń béèrè ìbéèrè títí ọ̀rọ̀ mi fi sú àwọn nọ́ọ̀sì.

Ohun méjì ló ń ṣe Mọ́mì. Wọ́n lè jókòó jẹ́ẹ́ kí ọkàn wọn dédé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, á máa lù ségesège, wọ́n á ní "ó tún ti dé o", wọ́n á gbá àyà mú. Ìyẹn ṣì dáa. Ìgbà tó bá fẹ́ dáwọ́ dúró gan-an lewu wà, torí bó ṣe ń ti orí eré bọ́ sílẹ̀ ni ọkàn náà á dákẹ́ ná kó tó padà bẹ̀rẹ̀, òòyì á kọ́ wọn, nígbà kan ṣe ni wọ́n ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró (aláàdìrẹ ni wọ́n, iṣẹ́ ìyá wọn ni). Àwọn ẹbí ti ń sọ pé ọwọ́ ayé ni. Àǹtí mi ní ká lọ rí wòlíì, a lọ, a gbàdúrà, a sì tún lọ sí ọsibítù, kò séyìí tó dí èkejì lọ́wọ́.

ECG, àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà, la kọ́kọ́ ṣe níbí l'Óṣogbo, ó sì jáde pé kò sí nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kíyẹn tàn yín jẹ, sẹ́kọ́ńdù díẹ̀ ni ECG fi ń wo ọkàn, tí wàhálà yẹn ò bá wá lásìkò náà, ẹ̀rọ ò ní rí i. Èyí tó já ọ̀rọ̀ náà ni Holter, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ àyà pẹ̀lú wáyà, èèyàn á gbé e kiri fún wákàtí 24, á fi sùn, kò gbọdọ̀ fi wẹ̀. Mo ní kí Mọ́mì máa pè mí nígbàkigbà tó bá ti ṣe wọ́n kí n lè kọ aago sílẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà, torí ìwé yẹn ni dókítà fi wá ibi tí wàhálà wà láàárín gbogbo ìlà tí ẹ̀rọ yà. Ó tẹ́ bébà náà sórí tábìlì, ó fi bírò tọ́ ibi tí ìlà ń gùn tó ń sọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kò ní déédéé, lẹ́yìn ìyẹn ìlà náà wá lọ gbọọrọ, kò gùn, kò sọ̀. Ó ní ó lé ní sẹ́kọ́ńdù 4. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin nínú mi, ẹ̀yin náà ẹ kà á wò kẹ́ ẹ mọ bó ṣe pẹ́ tó fún ọkàn tí ò lù.

Àlàyé tó ṣe fún wa ni pé ibi tí ìlù ọkàn ti ń bẹ̀rẹ̀, lókè ọkàn lápá ọ̀tún, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìgbà míì kì í yára tó, nígbà míì ẹ̀wẹ̀ yàrá òkè ọkàn á gba ìlù náà lọ́wọ́ rẹ̀, á máa gbọ̀n dípò kó máa lù. Ibi tọ́rọ̀ wá le sí ni pé oògùn tó ń mú eré ọkàn rọlẹ̀, òun náà ló tún ń mú ìdákẹ́ yẹn pẹ́ sí i. Ẹ lo oògùn, wọ́n á ṣubú. Ẹ má lò ó, ọkàn á máa sáré. Pésímékà ni wọ́n fi ń jáde nínú ẹ̀, tí ọkàn bá ti fẹ́ lọ sílẹ̀ ju iye tí wọ́n sọ fún un lọ, ti Mọ́mì jẹ́ 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ á ta á jí, dókítà á wá lè fún wọn ní oògùn tó ń mú eré rọlẹ̀ láìbẹ̀rù. Tó bá jẹ́ eré nìkan ni ọkàn ẹni yín ń sá, tí kì í dákẹ́, tí kì í falẹ̀, pésímékà kọ́ ló máa dá eré yẹn dúró, oògùn ni, tàbí kí wọ́n fi wáyà wọlé lọ jó ojú ibi tó ń dá rúkèrúdò sílẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí bàbá kan ti ń wá owó pésímékà kiri tí dókítà kankan ò sì tíì sọ fún un pé òun nílò rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo ní kẹ́ ẹ bi dókítà yẹn rèé: wáyà mélòó, yàrá wo ni wọ́n máa fi í sí? Oníwáyà kan wà tí wọ́n ń fi sí yàrá ìsàlẹ̀, owó rẹ̀ ò pọ̀ tó ti oníwáyà méjì, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ní òun lá máa rà, pé ṣebí kí ọkàn ṣáà ti máa lù ni. Mo ní rárá o. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí yàrá òkè lé orin, kí ti ìsàlẹ̀ gbè é. Tẹ́ ẹ bá wá fún ẹlẹ́gbè nìkan ní makirofóònù, á máa gbè é láìdúró de ẹni tó ń lé e, yàrá òkè á máa ti ẹ̀jẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tó ti pa dé, á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yàrá tó bá sì ti ń fẹ̀ ni ìlù ségesège yẹn máa ń padà sí. Kì í ṣe àbá lásán, ìwádìí kan jáde l'Ámẹ́ríkà ní 2002, àwọn aláìsàn bíi ti Mọ́mì lé ní 2,000 ni wọ́n lò, àwọn tí ẹ̀rọ tiwọn ń lo wáyà méjèèjì ò ní ìlù ségesège tó àwọn tí ẹ̀rọ tiwọn ń lu ìsàlẹ̀ nìkan. Ká má parọ́, iye àwọn tó kú kò yàtọ̀. Ìlù ségesège náà dínkù ni, kò tán. Dókítà tún ní òun máa sẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ náà kó má máa lu yàrá ìsàlẹ̀ láìnídìí. Ẹni tí yàrá òkè rẹ̀ bá ti ń gbọ̀n títí lọ láìdáwọ́ dúró, wáyà òkè ò wúlò fún un mọ́, oníwáyà kan tó o. A ra oníwáyà méjì. Owó náà dun ẹ̀gbọ́n mi, ó dun èmi náà.

Ọ̀rọ̀ àlòkù náà wáyé, ẹ̀gbọ́n mi ló tún gbé e dé, Mọ́mì ní "tòkunbọ̀ nínú ọkàn mi kẹ̀?" Ẹ má rẹ́rìn-ín, Yunifásítì Michigan l'Ámẹ́ríkà ń gba ẹ̀rọ tí wọ́n yọ lára àwọn tó ti kú, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2024 sì dáa. Ṣùgbọ́n ètò ìwádìí nìyẹn, èèyàn kì í lọ rà á lọ́jà.

Ìbàdàn la ti ṣe é, a gba Gbọ̀ngán jáde ní ìdájí. Iṣẹ́ abẹ náà ò le tó bí mo ṣe rò, wọn ò la àyà. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú ni wọ́n gún wọn lábẹ́ eegun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká òsì, wọ́n ti wáyà gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn, wọ́n ń wò ó lójú ẹ̀rọ X-ray, wọ́n wá tẹ ẹ̀rọ náà sábẹ́ awọ, wọ́n rán an. Mọ́mì ò sùn, wọ́n ní àwọn ń gbọ́ bí àwọn dókítà ṣe ń jiyàn bọ́ọ̀lù.

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ṣáájú ni pé irin nínú ara á tètè pa wọ́n. Mo sọ ìtàn Arne Larsson fún wọn, ará Sweden tí wọ́n kọ́kọ́ fi pésímékà sára rẹ̀ lágbàáyé ní 1958. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn ò pẹ́ rárá tó fi bàjẹ́, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ ni títí tó fi lo 26, ó wá kú ní 2001, ẹni ọdún 86, jẹjẹrẹ ló sì pa á, kì í ṣe ọkàn. Mọ́mì ní kí n tún un sọ fún àǹtí mi.

Nílé niṣẹ́ wà. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ìgbọ̀nwọ́ òsì ò gbọdọ̀ ga ju èjìká lọ kí wáyà má baà yẹ̀ nídìí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn ò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ yẹn sójú kan pátápátá, èjìká á gan. Ẹ gbìyànjú ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún aláàdìrẹ. Mo sọ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ lé wálẹ̀ dé ìbàdí, mo sì gba ọmọ kan tó ń fún aṣọ. Èyí tí mi ò rò ni gèlè! Èèyàn ò lè wé gèlè láìgbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ọmọ alábàágbé wa ló ń bá wọn wé e ní gbogbo Sunday yẹn, kò sì sí èyí tó wé tó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Fóònù ńkọ́? Inú kọ́mú lápá òsì ni Mọ́mì ń fi tiwọn sí láti ọjọ́ tí fóònù ti dé, gan-an lórí ibi tí ẹ̀rọ wà báyìí. Kó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán, etí ọ̀tún ni kí wọ́n sì máa gbé e sí. A rán àpò kan sí ìbàdí ìró wọn. Jẹnẹrétọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n má tẹ̀ba lé e lórí, wẹ́dà tó wà lójú títì wa, kí wọ́n kọjá lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹnu ọ̀nà báńkì tó ń yẹ irin wò, kí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá kíá, kí wọ́n má dúró sáàárín, kí káàdì pésímékà sì wà lọ́wọ́. Microwave ò ṣe nǹkan kan.

Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ò dúró o. Ẹ̀rọ ò dí rọpárọsẹ̀ lọ́wọ́, tí yàrá òkè bá gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ lè dì níbẹ̀, kó gba orí lọ. Mọ́mì fẹ́ já a sílẹ̀ torí wọ́n ní àwọn ti ní ẹ̀rọ, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà.

Nígbà tá a padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kàn gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan lé ojú ibẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ka gbogbo ohun tí ọkàn ti ṣe jáde, ọjọ́ tó sáré, bó ṣe pẹ́ tó, bí bátìrì ṣe kù sí. Eré ọkàn náà ṣì ń wá, àmọ́ kì í pẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, Mọ́mì ò sì ṣubú mọ́. Bátìrì á tó ọdún 8 sí 12, tó bá ti fẹ́ tán àpótí yẹn nìkan ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀, wáyà á wà níbẹ̀. Àwa ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ fún un, oṣooṣù.