Aṣọ jíìmù fún ọkùnrin: láti ìsàlẹ̀ ni kí owó ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ jíìmù ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀wù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rà: èyí tó fún mọ́ àyà, tí orúkọ iléeṣẹ́ ńlá hàn gbàgàdà níwájú rẹ̀. Bàtà tí wọ́n fi ń lọ sí kíláàsì ní LAUTECH náà ni wọ́n á wọ̀ lọ, pátá àtijọ́ ló máa wà lábẹ́, ìbọ̀sẹ̀ ò tiẹ̀ sí. Ó yẹ kí ẹ dojú ètò yẹn délẹ̀. Bàtà ni kí owó tó pọ̀ jù bá lọ, kí pátá àti ìbọ̀sẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ṣòkòtò, kí ẹ̀wù wá gbẹ̀yìn. Ẹ̀wù tí kò dára á mú yín làágùn ju bó ṣe yẹ lọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bàtà tí kò dára lè yí yín lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú irin 60 kílò léjìká, pátá tí kò dára sì lè bó yín nítan débi tí ẹ ó máa ya ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Bàtà

Kí ẹ tó yọ owó, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ lọ ṣe gan-an. Bàtà ìsáré ní fóòmù tó nípọn, tó sì rọ̀ lábẹ́ gìgísẹ̀. Ó dára fún orí títì àti fún ẹ̀rọ ìsáré, nítorí pé ó ń dín bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbá ilẹ̀ kù. Bí ẹ bá wá gbé irin kọ́ èjìká, tí ẹ ń lóṣòó tí ẹ ń dìde, fóòmù kan náà á máa rì lábẹ́ yín, ẹ̀gbẹ́ kan á rì ju èkejì lọ, ọrùn ẹsẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Àtẹ́lẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tó le ni irin wíwúwo ń fẹ́. Kánfáàsì aláṣọ onírọ́bà pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe eré ìdárayá sàn fún iṣẹ́ yìí ju bàtà ìsáré olówó gọbọi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń ta bàtà kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹni tó ń ṣe méjèèjì, tí agbára rẹ̀ kò ká bàtà méjì, kó wá èyí tí fóòmù rẹ̀ kò nípọn, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju iwájú lọ, kó má sì fi sáré ọ̀nà jíjìn.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ wọ bàtà wò, torí pé ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lò dání. Ẹ dìde dúró nínú bàtà náà: àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù àti imú bàtà. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jù, nítorí náà ẹ wo ẹsẹ̀ tiyín dáadáa. Bí gìgísẹ̀ bá ń yọ sókè nígbà tí ẹ ń rìn, ẹ fi sílẹ̀. Okùn kò lè tún un ṣe.

Òkìríkà ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, ì báà jẹ́ lórí àtẹ ní Tákíé tàbí ní Akẹ̀sán lọ́hùn-ún ní Ọ̀yọ́, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀ bí ẹ bá mọ ọ́n yẹ̀ wò. Ẹ gbé bàtà méjèèjì sórí ibi tó tẹ́jú, kí ẹ wò wọ́n láti ẹ̀yìn. Èyí tó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ṣe ń rìn ló wà nínú rẹ̀, ó sì máa fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa rìn bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù rẹ̀: ó yẹ kó rì kó sì padà sókè. Bó bá le koránkorán, ó ti kú, torí pé ọjọ́ orí nìkan tó láti pa fóòmù, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀ ọ́ rí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bàtà: ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó ti ká, kì í ṣe àárín. Lákòótán, ẹ fi èékánná wá etí àtẹ́lẹsẹ̀ yí ká. Gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ máa ń ṣí nínú ọyẹ́. Bó bá ti ń ṣí díẹ̀, tí gbogbo ibi yòókù sì dára, ẹ jẹ́ kí ṣúmékà fi abẹ́rẹ́ rán an yí ká kí ẹ tó wọ̀ ọ́ rárá. Ní ti bàtà ìsáré tuntun, fóòmù rẹ̀ sábà máa ń parí iṣẹ́ láàárín 500 sí 800 kìlómítà, ì báà ṣì máa dán lójú.

Sàlúbàtà kò yẹ níbi tí irin ti lè já bọ́. Bàtà bọ́ọ̀lù elékàn náà ò yẹ: ó ń yọ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi táìsì ṣe.

Ìbọ̀sẹ̀ àti pátá

Ẹsẹ̀ tí kò wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú bàtà rọ́bà á rin gbindin, awọ á rọ̀, á bó, àárín ìka á sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ. Ìbọ̀sẹ̀ òwú pọ́ńbélé náà máa ń mu òógùn títí yóò fi wúwo. Èyí tí wọ́n fi òwú pa pọ̀ mọ́ polyester tàbí nylon (okùn tí iléeṣẹ́ ṣe, tí kì í ṣe òwú) ló dára jù. Fún ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé irin gbọọrọ láti ilẹ̀ dé ìdí, ẹ wọ èyí tó gùn dé abẹ́ orúnkún, nítorí pé irin yẹn á máa ha ojúgun yín bó ṣe ń gòkè, egbò ojúgun kì í sì í tètè jinná.

Pátá ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sílé. Bọ́sà aláṣọ tó fẹ̀, irú èyí tí a fi ń sùn, á máa ká sókè títí yóò fi di okùn lápá itan. Pátá òwú kékeré ò ká sókè, ṣùgbọ́n ojú ìrán etí rẹ̀ wà níbi tí itan àti abẹ́ ti pàdé gan-an, tí òógùn bá sì ti rin ín, ojú ìrán yẹn ló máa bó yín. Èyí tí ẹ ń wá ni bọ́sà tó lẹ̀ mọ́ ara, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó íǹṣì 4 sí 6, kí awọ itan má bàa kan awọ. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀: polyester tàbí nylon ló yẹ kó pọ̀ jù, pẹ̀lú spandex (okùn tó ń nà bíi rọ́bà; elastane náà ni wọ́n ń pè é) tó wà láàárín ìdá 8 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ yí i sóde, kí ẹ fi ìka ra ojú ìrán. Bí ó bá yọ gọnbu, ẹ dá a padà. Ó yẹ kó dì yín mú, kó má sì fún yín pa. Bí ẹ bá bọ́ ọ lẹ́yìn wákàtí kan tí rọ́bà ìbàdí sì ti fi ọgbẹ́ ilà sílẹ̀ lára, ẹ fi nọ́ńbà kan kún un.

Bí itan yín bá tóbi, ẹ fi òrí tàbí faselíìnì díẹ̀ pa inú itan kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Kó má pọ̀ o, torí pé epo máa ń lẹ̀ mọ́ polyester, ó sì ń di òórùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ má ṣe jókòó nínú pátá tútù máa bá ọ̀rẹ́ tàkúrọ̀sọ. Làpálàpá abẹ́ fẹ́ràn ibi tó gbóná tó sì tutù rinrin. Pátá méjì ló kéré jù kí ẹ ní, kí ọ̀kan máa gbẹ nígbà tí ẹ bá wọ èkejì. Pátá àti ìbọ̀sẹ̀ òkìríkà kò sí nínú ètò yìí rárá, bó ti wù kó mọ́ tó.

Ṣòkòtò

Ṣòkòtò péńpé tó jẹ́ íǹṣì 5 sí 7 láti abẹ́ dé etí ẹsẹ̀ ló rọrùn jù fún lílóṣòó. Ọkùnrin Mùsùlùmí tó fẹ́ bo ara láti ìdodo dé orúnkún lè mú èyí tó kọjá orúnkún díẹ̀, kó sì wọ táìtì sábẹ́, kí ẹsẹ̀ má bàa hàn nígbà tó bá sùn lórí bẹ́ǹṣì. Jín-ìnsì àti kákí ò dára. Wọn kì í nà, wọ́n á dí orúnkún lọ́wọ́, ẹ̀yìn yín á sì tẹ̀ láti fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má ra ṣòkòtò tí ẹ kò dán wò. Ẹ lóṣòó títí ìdí á fi sún mọ́ ilẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú jìnnà, kí orúnkún ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹ sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ ò mọ ẹni tí ẹ máa bá pàdé lọ́nà jíìmù, ṣòkòtò tó bá ya nígbà tí ẹ ń kí bàbá kan ní gbangba ti dójú tini tán. Lẹ́yìn náà, ẹ nà á sí oòrùn: bí ẹ bá ń rí ọwọ́ yín látinú rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn yín á rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fa rọ́bà rẹ̀ kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá rọ wérewère, tàbí tí okùn funfun tín-tìn-tín ń yọ jáde, spandex inú rẹ̀ ti já.

Télọ̀ lè rán an fún yín, ó sì máa ń dára. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé kó fi àlẹ̀mọ́ onígun mẹ́rin kan, bí íǹṣì 4 sí 4, sí ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé. Bí ojú ìrán mẹ́rin bá pàdé lójú kan ṣoṣo, ojú kan náà ló máa ti ya. Kó gé àpò jìn, kó sì fi síìpù sí i, nítorí pé fóònù àti kọ́kọ́rọ́ máa ń já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ̀wù

Nínú afẹ́fẹ́ tí kò gbẹ jù, òwú máa ń mu omi tó tó ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ẹ tó làágùn rárá. Ti polyester kò kọjá ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, òwú á mu òógùn, á sì tọ́jú rẹ̀ sára yín, nígbà tí polyester tí wọ́n hun dáadáa á jẹ́ kó gba àárín okùn rẹ̀ jáde síta, kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní oṣù kejì àti ìkẹta, nígbà tí iná bá lọ, tí fáànù jíìmù sì dúró. Tó bá jẹ́ irin díẹ̀ ni ẹ fẹ́ gbé láàárọ̀ ọyẹ́, tí-ṣáàtì òwú ò burú.

Jẹ́sì bọ́ọ̀lù tí gbogbo ìgboro ń wọ̀ jẹ́ ẹ̀wù jíìmù tó dára, polyester oníhò tín-tìn-tín ni. Ẹ kàn yẹra fún èyí tí wọ́n lẹ àwòrán rọ́bà ńlá mọ́ láyà, torí pé afẹ́fẹ́ kò lè gba ibẹ̀ kọjá, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara.

Bí wọ́n bá ti gé ìwé ọrùn aṣọ, tí ẹ kò sì mọ ohun tí wọ́n fi hun ún, ẹ fa okùn kan yọ lára aṣọ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára ojú ìrán, nítorí pé okùn polyester ni ọ̀pọ̀ fi ń rán aṣọ òwú. Ẹ tiná bọ̀ ọ́. Òwú á jó bíi bébà, eérú á kù. Polyester á súnkì, á yọ́, á sì di kókó líle. Ẹ kán omi kan sí inú ẹ̀wù náà pẹ̀lú: bó bá tàn ká kíákíá, ó dára, bó bá dúró roboto, òógùn yín náà á dúró.

Ní ti nọ́ńbà, ẹ fi téèpù wọn àyà, kí ẹ sì ra èyí tó fi bí íǹṣì 4 fẹ̀ jù ú lọ. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: ìdodo kò yẹ kó yọ. Síńgílẹ́ẹ̀tì tí abíyá rẹ̀ ya dé ìhà dára fún fọ́tò, àmọ́ ara yín á lẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì tí òógùn ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́ dandan, ẹ mú táwẹ́ẹ̀lì dání, kí ẹ sì wọ aṣọ mìíràn lé e lórí ọ̀kadà. Ẹ̀wù aláwọ̀ eérú ló ń fi òógùn hàn jù; dúdú àti búlúù ń bò ó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wé nylon tí a fi ń di ọjà mọ́ ikùn, ẹ má sì wọ aṣọ rọ́bà láti fi dín ọ̀rá kù. Omi ara ló ń dà nù, ife omi díẹ̀ á sì dá ìwọ̀n yẹn padà. Ooru tí kò rí ọ̀nà jáde ló ń pa èèyàn. Ní ìparí ọdún 1997, akẹ́kọ̀ọ́ ìjàkadì mẹ́ta kú ní yunifásítì Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dín ìwọ̀n wọn kù, wọ́n sì fòfin dè é nínú ìjàkadì yunifásítì ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Òrùka, ẹ yọ ọ́ sílé. Irin lè fi í há, kó sì bọ́ awọ ìka. Okùn ọrùn àti okùn húùdù náà, ẹ ki wọ́n bọ inú ẹ̀wù.

Fífọ̀

Aṣọ tí òógùn ti rin, ẹ má sé e mọ́ inú báàgì di ọ̀la. Ẹ yí i sóde, kí ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́; ọṣẹ tó pọ̀ jù kì í ṣan tán, òun gan-an ló ń di òórùn. Hypo ń pa spandex, omi olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ ń dí àárín okùn tí òógùn ń gbà jáde, áyọ́ọ̀nù gbígbóná ń yọ́ polyester. Bí òórùn kò bá lọ, ẹ po ife fínígà funfun kan mọ́ ife omi tútù mẹ́rin, ẹ rẹ aṣọ sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Fínígà àti Hypo kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú báfù kan, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ lóró. Ẹ̀wù àti ṣòkòtò, ẹ sá wọn síbi tí atẹ́gùn wà lábẹ́ òjìji. Bàtà ní tirẹ̀, ẹ yọ àtẹ́lẹsẹ̀ inú rẹ̀, kí ẹ ki bébà sí i nínú, kí ẹ má sì gbé e sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ kó lè tètè gbẹ, torí pé ooru yẹn ló ń ṣí gọ́ọ̀mù.