Ẹ Fi Ọwọ́ Dì Í Mú Kẹ́ ẹ Tó Fi Okùn Dè É

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà Ọba, l'Ákùrẹ́ wa níbí, ló kọ́ mi níṣẹ́ máàsìkì. Òtútù àyà ti wọ̀ wọ́n lára, ìgbà 38 ni wọ́n ń mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo sáré de máàsìkì ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ̀dọ̀fóró mọ́ wọn lójú, wọ́n já a dànù. "Ọmọ mi, o fẹ́ dí mi nímú pa!" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n já a kí n tó gbọ́n.

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ̀dọ̀fóró láì ki rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ẹni tó ń bì, ẹni tí egungun ojú rẹ̀ fọ́ nínú ìjàǹbá ọ̀kadà: dókítà ni kẹ́ ẹ pè, ẹ má gbé máàsìkì.

Ẹni tó bá tọ́ sí, ẹ gbé e jókòó, kó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Máàsìkì tó bá a mu bẹ̀rẹ̀ láti egungun imú dé abẹ́ ètè ìsàlẹ̀, kò kan ẹyinjú. Agbára atẹ́gùn kékeré la fi ń bẹ̀rẹ̀, bí dókítà bá ṣe kọ ọ́: sẹ̀ǹtímítà omi (òṣùwọ̀n agbára atẹ́gùn) 8 sí 10 tó bá ń fa èémí sínú, 4 sí 5 tó bá ń mí síta.

Ẹ má tíì fa okùn o. Mo ní, "Màmá, ẹ mú un fúnra yín." Mo gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ wọn, a jọ ń mí, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí èjìká wọn tó wálẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá de okùn, tí ìka méjì ṣì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Atẹ́gùn díẹ̀ tó bá ń jò kò burú. Okùn tó le jù ló ń bó awọ imú.

Lórí ẹ̀rọ tí a fi ń há ìka láti ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ìdá 92 sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún là ń wá. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́, 88 sí 92. Làálì dúdú àti ọ̀dà èékánná máa ń tàn án jẹ, ẹ wá ìka tó mọ́.

Kí wákàtí kìíní tó pé, ẹ fi ojú yín ka èémí. Ti Màmá ti já sí 28. Bí kò bá já wálẹ̀, tàbí tí aláìsàn ń tòògbé, tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, ẹ ké sí dókítà kíá fún rọ́bà ọ̀fun. Ìdádúró níbẹ̀ máa ń pani.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ wo sìlíńdà, ẹ wo bátìrì. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ sì kú, ẹ yọ máàsìkì náà lójú ẹsẹ̀, torí èémí tí aláìsàn mí síta ló máa tún fà sínú. Ẹ fi ọ́síjìn láti inú sìlíńdà sí i nímú, kẹ́ ẹ tó sáré lọ sídìí jẹnẹrétọ̀.