Bí A Ṣe Ń Múra fún Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Iṣẹ́, Tí A Sì Ń Gba Iṣẹ́ Tó Ní Láárí

Ìwé kì í ṣe ìṣòro wa l'Ékìtì. Yunifásítì ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀, Pólì Adó, Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá, gbogbo wọn ló ń kó ọmọ jáde lọ́dọọdún. Nítorí náà, kí ẹ tó wọlé ni àwọn tó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò ti rí ìwé ẹ̀rí bíi tiyín rẹpẹtẹ. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni ohun tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ṣe. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kùnà, torí láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ nílé pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wádìí ẹni tó pè yín

Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé láti ibi tí ẹ kò kọ̀wé sí rí, tí wọ́n ní kí ẹ wá lọ́la, ẹ fura. Lọ́pọ̀ ìgbà, tí èèyàn bá débẹ̀, wọ́n á kó gbogbo yín jókòó, wọ́n á máa ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa ta ọjà wọn tí ẹ ó sì tún mú èèyàn míì wá. Ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ náà lórí ìkànnì CAC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ bi ará àdúgbò ibẹ̀ léèrè. Ẹ má sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ má sanwó aṣọ iṣẹ́, ẹ má sanwó àyẹ̀wò ara fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó gbà yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ to ìtàn iṣẹ́ yín

Iṣẹ́ ńlá tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, ilé la sì ti ń ṣe é. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí ìpolówó iṣẹ́ náà ní ẹni tí wọ́n ń wá gbọ́dọ̀ lè ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun kan tí ẹ ti ṣe rí tó jọ ọ́: kí ló dojú rú, kí lẹ̀yin fúnra yín ṣe sí i, kí ló sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ bá wọn kọ náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó, ó wá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní báǹkì kékeré kan tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó. Wọ́n ní, "Sọ fún wa nípa ara rẹ." Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé, "Ọmọ Ìjerò ni mí, èmi ni ìkarùn-ún nínú ọmọ méje, mo máa ń ṣiṣẹ́ kára." Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tí báǹkì fẹ́ fi ṣe nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ irú èyí tó yẹ kó sọ:

"Ìṣirò owó ni mo kọ́ níwèé. Gaàrí ni ìyá mi ń tà, àwọn oníbàárà sì ń jẹ wọ́n lówó. Mo ra ìwé ńlá kan, mo ń kọ orúkọ ẹni tó bá rajà láwìn sínú rẹ̀, iye tó rà, ọjọ́ tó ní òun á san àti ọjọ́ tó san án. Lálẹ́ Sátidé, màá pe gbogbo ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ti kọjá. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè náà ti wọlé. Mo rí i pé irú iṣẹ́ yìí náà ni ẹni tí ẹ ń wá máa ṣe lórí owó tí ẹ ń yá àwọn èèyàn."

Kò yin ara rẹ̀, kò sì purọ́. Ohun tó ṣe ló sọ, bó ṣe ṣe é gan-an. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mẹ́ta tó láti dáhùn ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Ẹ sọ wọ́n sókè fún ẹnì kan nílé, kí ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ tún un gbọ́. Ẹ má kàn há a sórí bí ewì, torí ìbéèrè kan péré lè já yín lójú ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ọjọ́ náà gan-an

Ẹ mú ojúlówó ìwé ẹ̀rí àti ẹ̀dà rẹ̀ dání, kí orúkọ tó wà lórí wọn bá ti NIN mu. Bí kò bá bá a mu, ẹ lọ búra ní kóòtù ṣáájú ọjọ́ náà. Bí Ọ̀mùò tàbí Ìkọ̀lé lẹ ti ń bọ̀, tí wọ́n ní aago mẹ́jọ àárọ̀ l'Adó, ẹ lọ sùn sílé ẹbí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ẹ kò ní láti dọ̀bálẹ̀ gbalaja tàbí kí ẹ kúnlẹ̀. Ẹ tẹrí ba díẹ̀, ẹ kí gbogbo wọn, ẹ dúró títí wọ́n á fi ní kí ẹ jókòó. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú ẹni tó ń bi yín ní ìbéèrè. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ wa pé ọmọdé kì í ranjú mọ́ àgbà, ṣùgbọ́n nínú yàrá yẹn, ẹni tó ń wo ilẹ̀ dà bí ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́. Bí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi yín, Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi dáhùn, kódà bí ẹ bá mọ̀ pé ọmọ ìlú yín ni wọ́n. Kí ohùn Èkìtì hàn lórí Gẹ̀ẹ́sì yín kò burú rárá. Ẹ rọra sọ ọ́ kó yé wọn, ẹ má yá ohùn ẹlòmíì lò.

Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ wá sọ bí ẹ ṣe máa wádìí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ṣé ẹ ní ìbéèrè, ẹ má sọ pé rárá. Ẹ bi wọ́n pé: "Kí lẹ máa fẹ́ kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ yìí ti ṣe kí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tó pé?"

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ọ̀rọ̀ owó

Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ là ń bá a pè é. Ẹni tó ní "Ohunkóhun tí ẹ bá fún mi náà ni" ti sọ iye tó ka iṣẹ́ ara rẹ̀ sí. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ bi àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà l'Adó ní iye tó ń wọlé fún wọn, ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àti owó ilé. Láti 2024, N70,000 lóṣù ni owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin. Ká ní ohun tí ẹ wádìí nílé fi hàn pé ó yẹ kí ẹ béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè sọ báyìí:

"Mà, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹ ṣàlàyé yìí, N130,000 sí N150,000 ló wà lọ́kàn mi. Màá fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ ti ṣètò sílẹ̀."

Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ má tètè bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù fúnra yín kí wọ́n tó fèsì. Bí agbára wọn kò bá ká a, ẹ béèrè owó ọkọ̀, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn máa tún owó náà wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Iye tí wọ́n pè kọ́ ló ń wọlé o. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 kan ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè. Òṣìṣẹ́ á dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ á dá 10, lórí àpapọ̀ owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Bí àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ N120,000, wọ́n á yọ N9,600 lọ́wọ́ yín, àwọn náà á fi N12,000 kún un. Tiyín ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ń yọ ọ́ tí wọn kò sì mẹ́nu ba orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, ẹ bi wọ́n.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ka lẹ́tà náà tán

Ẹ má fi iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nínú lẹ́tà, ẹ wo oṣù mélòó ni wọ́n máa fi dán yín wò, iye ọjọ́ ìsinmi, àti àkókò tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó kúrò. Bó bá jẹ́ iléèwé aládàáni, ẹ béèrè bóyá owó oṣù ń pé nígbà ìsinmi gígùn, torí ìdajì ni àwọn kan ń san. Bó bá jẹ́ báǹkì, ẹ béèrè iye tí wọ́n fẹ́ kí ẹ máa mú wọlé lóṣù, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá pé.

Àwọn kan máa ń ní kí ẹ kó ojúlówó ìwé ẹ̀rí yín fún àwọn kí ẹ má baà sá lọ. Ẹ má gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ojúlówó níwájú yín, kí wọ́n mú ẹ̀dà, kí ẹ sì gba tiyín padà lójú ẹsẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ sílé, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tí ẹ máa lọ bá lọ́jọ́ náà.