Bí a ṣe pinnu lórí ẹsẹ̀ Màmá

Ọjọ́ kẹta tí a gbé Màmá dé ọsíbítù ni dókítà pè mí sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Egbò ìtọ̀ ṣúgà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọńdinrín ìka ẹsẹ̀ ti dúdú dé àárín àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ń rùn. Ó ní ká jẹ́ kí wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

Mi ò lè dáhùn. Mo wọ Micra lọ sí Bódìjà, mo jókòó sí ìsọ̀ ẹ̀lùbọ́ Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ní ká gbé wọn lọ sọ́dọ̀ baba kan tó ń fi ewé wo egbò. Àbúrò mi ní ká máa gba abẹ́rẹ́, ká máa gbàdúrà. Èmi? Kí ilẹ̀ lanu ni mo fẹ́.

Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé gbèsè Màmá, mo kọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Èyí tí mo bá kọ, n ó tún fagi lé e. Ó pẹ́ kí n tó rí ohun tí mò ń ṣe: ẹsẹ̀ tí Màmá fi ń rìn wọjà lọ́dún tó kọjá ni mò ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wé. Ẹsẹ̀ yẹn ò sí lára mẹ́ta tí mo kọ. Ó ti lọ. Mo sunkún débi pé ìyá tó wà ní ìsọ̀ kejì rò pé òkú ni mo gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo pe dókítà: tí a bá dúró ní ọ̀sẹ̀ kan ńkọ́? Ó ní kòkòrò inú egbò náà lè wọnú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì ń pani. Bó bá gòkè, orúnkún á bá a lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ní orúnkún ló ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rìn wẹ́rẹ́. Ewé àti abẹ́rẹ́ wá di nǹkan kan náà lójú mi: dídúró ni méjèèjì.

Ohun tó ń tì mí lójú ni pé a ti jà fún odindi ọjọ́ kan kí ẹnikẹ́ni tó bi ẹni tó ni ẹsẹ̀.

"Màmá, wọ́n ní àfi kí wọ́n gé e."

Wọ́n wo òkè àjà títí. "Ṣé n ó lè jókòó ní ìsọ̀?"

"Ẹ ó lè jókòó, Màmá."

"Kí ló wá ń dá yín dúró? Ìjókòó kúkú ni mo fi ń tajà."

Àwọn fúnra wọn ni wọ́n tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù náà. Oṣù méjì ni ẹ̀gbọ́n mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Màmá ti padà sí Bódìjà báyìí. Àwọn oníbàárà máa ń yọjú wo abẹ́ tábìlì kí wọ́n tó béèrè iye kóńgò kan.