Bí A Ṣe Ń Fi Ráútà Ìrìnàjò Pín Íntánẹ́ẹ̀tì Tó Ń Gba Inú Wáyà Wá

Nínú ọ̀pọ̀ yàrá ilé ìtura àti ilé-gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ihò onígun mẹ́rin kan máa ń wà lára ògiri, nítòsí tábìlì ìkọ̀wé, tó jẹ́ pé wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn àlejò kì í sábà kà á sí, nítorí pé fóònù kò ní ibi tí a lè ki irú wáyà bẹ́ẹ̀ bọ̀, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní náà kò sì ní in mọ́. Ó máa ń dùn mí pé wọ́n ń fi í sílẹ̀ lásán, torí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba inú wáyà wá sábà máa ń dúró ṣinṣin ju Wi-Fi tí gbogbo ilé jọ ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní alẹ́. Ráútà ìrìnàjò ni ẹ̀rọ kékeré tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì yìí láti ara wáyà kan ṣoṣo, tó sì ń sọ ọ́ di Wi-Fi tiyín fún gbogbo fóònù, láptọ́ọ̀pù àti tẹlifíṣọ̀n tí ẹ gbé dání.

Méjì tó wọ́pọ̀ ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ: GL-MT300N-V2 ti ilé-iṣẹ́ GL.iNet, tí wọ́n ń pè ní Mango, àti TL-WR902AC ti TP-Link. Ẹ̀gbẹ́ Mango kọ̀ọ̀kan kò tó sẹ̀ǹtímítà 6, iná USB fóòtì (volt) 5 ló sì ń lò, nítorí náà ṣájà fóònù lásán tó láti gbé e ṣiṣẹ́. Ẹ tún mú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kan dání, irú èyí tí wọ́n kọ Cat5e sí lára, tó gùn tó mítà kan tàbí méjì. Ọ̀pọ̀ yàrá ní ihò lára ògiri láìní wáyà tí a ó fi kì í.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun: ẹ béèrè bóyá wọ́n gba ráútà láyè níbẹ̀. Àwọn yunifásítì kan kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ so ráútà tirẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé-gbígbé rárá, ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin yẹn sì fìdí múlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ṣe rí i nísàlẹ̀ yìí.

WAN àti LAN

Ẹ yí Mango wò dáadáa. Ihò méjì ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì jọra bí ìbejì, àfi ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n tẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára: WAN àti LAN. Inú WAN ni wáyà tó ti ara ògiri wá gbọ́dọ̀ wọ̀. Ibẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ráútà ti ń dáàbò bo àwọn ẹ̀rọ yín kúrò lọ́wọ́ àwọn yòókù tó wà nínú ilé náà. LAN ni ti inú, ibi tí ráútà ti ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀rọ tó bá fẹ́ wáyà dípò Wi-Fi.

Bí ẹ bá ṣi ihò méjèèjì yìí mú, wàhálà rẹ̀ kò ní mọ sí yàrá yín. Iṣẹ́ ráútà ni láti fún gbogbo ẹ̀rọ tó bá wà ní ìhà LAN ní nọ́ńbà àdírẹ́sì tí wọn yóò máa lò. Bí wáyà ògiri bá lọ wọ LAN, ráútà yín yóò rò pé ará ilé rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà àwọn aládùúgbò yín, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdírẹ́sì fún wọn. Àdírẹ́sì yìí kò lè gbé wọn dé ibì kankan. Ẹnì kan ní yàrá kejì lè máa ṣe ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kí tirẹ̀ dá wáí, tí kò sì ní mọ ibi tó ti wá. Níbi tí àwọn olùtọ́jú íntánẹ́ẹ̀tì ilé náà bá ti ń ṣọ́ra, wọ́n lè ti ihò tó wà lára ògiri yàrá yín pa. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ ka ọ̀rọ̀ ara ihò náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó ti wáyà wọ̀ ọ́, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìnàjò dé tó sì ti rẹ̀ yín.

Ti TP-Link yàtọ̀. Ihò kan ṣoṣo ló ní, ṣùgbọ́n bọ́tìnì tí a ń sún wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ sún un sí ibi tí wọ́n kọ Share ETH sí kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Ní ipò yẹn, iṣẹ́ WAN ni ihò náà ń ṣe.

Ètò tó yẹ kí ẹ ti ṣe láti ilé

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó rìnrìn àjò. Ẹ so ráútà mọ́ iná, kí ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ wá fi fóònù wá Wi-Fi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ ráútà náà. Password tí Mango ń bá dé láti ilé-iṣẹ́ ni goodlife. Ẹ ṣí bíráúsà, kí ẹ tẹ 192.168.8.1 sí i; ti TP-Link ni tplinkwifi.net. Yóò ní kí ẹ yan password fún ojú ewé ìṣàkóso. Ẹ yan èyí tó le, kí ẹ sì yí orúkọ Wi-Fi àti password rẹ̀ padà pẹ̀lú, nítorí pé goodlife kan náà ni ọ̀pọ̀ ráútà ilé-iṣẹ́ yìí ń bá dé, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ní yàrá kejì lè wọ tiyín láìkan ilẹ̀kùn. Bí ráútà bá ní àtúnṣe tuntun láti gbà, ẹ jẹ́ kó gbà á nílé.

Nígbà tí ẹ bá dé yàrá

Ẹ ti orí wáyà wọ inú ihò ògiri títí yóò fi dún kà. Bí orí wáyà bá tóbi ju ihò lọ, ihò tẹlifóònù ni, ẹ má fi agbára tì í. Ẹ má sì yọ wáyà tó wà lára tẹlifíṣọ̀n tàbí tẹlifóònù ilé ìtura láìgbàṣẹ, nítorí tẹlifóònù yẹn ni wọ́n fi ń pe àwọn òṣìṣẹ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru. Ẹ wá ki orí kejì wáyà bọ WAN. Bí iná kékeré ti WAN kò bá tàn, ó ṣeé ṣe kí ihò ara ògiri ti kú tàbí kí wáyà ti já nínú.

Ráútà yóò gba àdírẹ́sì fúnra rẹ̀, ẹ ó sì rí i lójú ewé ìṣàkóso. Bí àdírẹ́sì tó gbà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.8, ó ti bá ti inú ráútà yín kọlu ara wọn. Ẹ yí ti inú padà sí 192.168.50.1, kí ẹ sì tún fóònù so mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń dojú rú ni ojú ewé tí ilé ìtura fi ń béèrè nọ́ńbà yàrá àti orúkọ ìdílé. Ẹ so fóònù mọ́ Wi-Fi ráútà yín, kí ẹ tẹ neverssl.com sínú bíráúsà, ojú ewé náà yóò sì jáde. Bí ẹnì kan bá ti forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀rọ yòókù ti wọlé nìyẹn, nítorí pé ráútà nìkan ni ilé ìtura ń rí. Bí kò bá jáde, ẹ pa VPN (ètò tó ń darí íntánẹ́ẹ̀tì yín gba ọ̀nà àbò mìíràn) bí ẹ bá ń lò ó, kí ẹ sì pa ohun tí Mango pè ní DNS Rebinding Attack Protection, ìyẹn ààbò kan tó lè dí ojú ewé náà lọ́wọ́, títí ẹ ó fi wọlé, lẹ́yìn náà kí ẹ tan wọ́n padà.

Bí ìyẹn náà kò bá ṣiṣẹ́, ẹ fi fóònù wọ Wi-Fi ilé ìtura fúnra rẹ̀, kí ẹ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wá ní kí ráútà gbé nọ́ńbà MAC fóònù náà wọ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé náà. MAC Clone ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí: láti ìgbà Android 10 àti iOS 14 ni fóònù ti ń lo nọ́ńbà MAC ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún Wi-Fi kọ̀ọ̀kan, nítorí náà nọ́ńbà tí ráútà rí lè má jẹ́ èyí tí ilé ìtura kọ sílẹ̀. Ẹ pa ètò yẹn lórí Wi-Fi méjèèjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú nọ́ńbà náà kúrò lára ráútà.

Ẹ̀yin tó wà ní Nàìjíríà, tí wáyà faíbà ti wọ ilé yín, lè lo ìlànà kan náà. Power bank 10,000 mAh tó dára lè gbé Mango fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n àpótí faíbà tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé kọ́ ara ògiri náà ń jẹ iná, fóòtì 12 ló sì sábà máa ń lò. Bí òun kò bá ní ibi tí iná yóò ti wá, ráútà tó ń tàn lórí power bank kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kankan láti pín. Ẹ tún dán power bank wò ṣáájú, nítorí àwọn kan máa ń pa ara wọn bí ohun tí wọ́n ń gbé bá ń jẹ iná díẹ̀ jù.

Ní ti bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára tó, èyí tí wọ́n ń fi Mbps wọ̀n, ihò ráútà méjèèjì tí mo dárúkọ kò lè gbà ju 100 Mbps lọ. Netflix sọ pé 15 Mbps tó fún fíìmù 4K, nítorí náà èmi kò rí ìdí tí ìdílé kan nínú yàrá kan yóò fi ra èyí tó wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ kí ẹ máa fi fáìlì ńláńlá ránṣẹ́ lójoojúmọ́.