Àwo "tuntun" tí wọ́n ti kọ orúkọ sí lára: bí mo ṣe gba owó mi padà

₦45,000 ni mo san fún àwo orin àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá kan ṣoṣo, mo tún san ₦6,000 owó wáybíìlì láti Èkó dé Àbújá. Ẹni tó tà á fún mi kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ àwòrán rẹ̀ pé tuntun ni, pé wọn ò tíì ya ọ̀rá ara rẹ̀ rí. Àlòkù ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi lépa owó yẹn, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi náwó tó bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kàdúná fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwo wọn kún àpótí méjì, àpàlà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí Hárúnà ṣe kọ́ Phonodisk, ilé ìgbohùnsílẹ̀ ńlá yẹn, sí ìlú wọn, ilẹ̀ lè ṣú kí wọ́n tó dákẹ́. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná lóṣù kejì ọdún 2000, iná jó ilé tí à ń gbé. Wọ́n kó àwa ọmọ jáde, wọn ò rí àwo kankan kó. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ilé yẹn mọ́, àmọ́ wọ́n máa ń dárúkọ àwọn àwo náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ mi ní Kubwa ni wọ́n ń gbé báyìí. Nígbà tó ku oṣù kan kí wọ́n pé ọgọ́rin ọdún, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra ẹ̀rọ àwo fún wọn, èmi sì ní kí n wá àwo tí wọ́n máa gbé sórí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé Hárúnà ti kú láti 1983. Mo mọ̀ pé àwo tó ní àmì Star Records lára, ilé iṣẹ́ tí òun àti I.K. Dairo olórin jùjú dá sílẹ̀ ní 1969, ti pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì wà tí àwo àtijọ́ fi lè jẹ́ tuntun. Wọ́n lè tún un tẹ̀ láìpẹ́, bí àwọn kan ti ń ṣe lókè òkun. Ó sì lè jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù ló wà láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni ò rà á. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń tà á èwo ni tiẹ̀. Ó ní èkejì ni. "Ẹ fọkàn balẹ̀ mà, inú ọ̀rá ló wà." Ọ̀rọ̀ ọ̀rá yẹn ni mo gbà gbọ́.

Bí mo ṣe fowó ránṣẹ́ àti bí mo ṣe lọ gbé ẹrù ní páàkì Jabi kò lọ́rọ̀ nínú. Ilé ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rá náà le, ó ń dán. Bí mo ṣe ya á báyìí, òórùn inú yàrá tí òjò ń jò sí ló kọ́kọ́ jáde. Mo fa àwo yọ, mo tan iná fóònù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà tínínrín tínínrín sì yọ ní ojú rẹ̀ káàkiri. Mo wo ihò àárín. Ẹni tó bá ń gbé àwo sórí ẹ̀rọ kì í sábà rí ihò yẹn bá lẹ́ẹ̀kan náà, irin àárín ẹ̀rọ á máa ha bébà tó yí i ká. Àwo tí wọn ò gbé sórí ẹ̀rọ rí kì í ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Tèmi kún fún un. Mo wá yí iná náà sí orí bébà pupa tí wọ́n kọ orúkọ olórin sí, mo rí ibi tí wọ́n ti fi nǹkan nu ọ̀rọ̀ báírò kúrò. Yíǹkì ti lọ, ojú ibi tí báírò tẹ̀ kò lọ. Orúkọ ẹnì kan ni, "Ìlọrin" sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú 1977.

Wọ́n ti ń gbọ́ àwo yìí kí wọ́n tó bí mi! Ọ̀rá wá ńkọ́? Ọ̀rá tó máa ń sún mọ́ ọjà bí ooru bá kàn án wà lọ́jà, ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun sì tó láti fi lẹ̀ ẹ́.

Mo ya àwòrán gbogbo rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tó fi dá mi lóhùn ni pé, "Ẹ ti ya ọ̀rá mà. Ọjà tí wọ́n bá ti ya ọ̀rá rẹ̀, a kì í gbà á padà." Mo bi í pé báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá láìya á. Ọjọ́ méjì, kò fèsì. Lọ́jọ́ kẹta ó kọ̀wé pé, "Àbí ẹ̀yin lẹ ti lò ó, mà?" Èmi! Tí n kò tíì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kan ojú rẹ̀!

Láti ìgbà náà, kò gbé ìpè mi mọ́. Mo fi fóònù aládùúgbò mi pè é, ó gbé e kíá, ó gbọ́ ohùn mi, ó sì gé e. Mo lọ sí báńkì mi lẹ́ẹ̀mejì, nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ títì Kubwa tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi fowó ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò jí i, àwọn ò lè kàn yọ ọ́ nínú àkáǹtì ẹlòmíràn. Mo sọkún nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì yẹn. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá sí ọjọ́ ìbí bàbá mi.

Ọmọkùnrin agbẹjọ́rò kan ní àdúgbò wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló bi mí pé, "Àǹtí, ǹjẹ́ ẹ ti kọ ọ́ sórí ìwé?" Ó ṣàlàyé fún mi pé òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé ẹni tó bá ń ta àlòkù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé àlòkù ni. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo jókòó lóru yẹn, mo kọ ojú ìwé kan péré: ọjọ́ tí mo sanwó, iye rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin tó tà á fún mi fúnra rẹ̀ kọ sábẹ́ ọjà, àwòrán ihò, àwòrán ojú báírò, àti òfin náà. N kò bú u. Mo ní bí owó mi ò bá wọlé kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tó lù, màá mú ìwé kan náà lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, Àbújá níbí lọ́fíìsì wọn wà, kò ná mi ju owó ọkọ̀ lọ.

Kò pé wákàtí kan tí mo fi ránṣẹ́ sí i tó fi pè. "Mummy, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ fi wá tó báyìí?" Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ ló ṣe ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ariwo ò lè ṣe, inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. Ó ní kí n kọ́kọ́ dá àwo padà, mo ní kó kọ́kọ́ dá owó padà. A fẹnu kò sí ìdajì: ₦22,500 wọlé nígbà tí mo fi rìsíìtì páàkì ránṣẹ́ sí i, ìyókù wọlé lọ́jọ́ tí ẹrù dé Èkó. Owó wáybíìlì àlọ àti àbọ̀, ₦12,000, kò dá a padà, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ká ní mo tan kámẹ́rà fóònù kí n tó ya ọ̀rá yẹn ni, kò ní rẹ́nu sọ pé èmi ni mo lò ó. Fídíò ìṣẹ́jú kan ni. Ọ̀rá kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ẹ ní kí wọ́n fi ihò àárín hàn yín nínú iná. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè ṣí i, ẹ fi owó yín sápò.

Mo rí òmíràn rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Ìbàdàn. Òun kọ ọ́ síbẹ̀ pé àlòkù ni, pé ibì kan ti ha lójú kejì. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó jẹ́ kí n gbọ́ ibi tó ha náà lórí fóònù kí n tó sanwó. ₦15,000. Ọjọ́ ìbí ti kọjá pẹ̀lú ọjọ́ méjì kó tó dé.

Bàbá mi fọwọ́ pa páálí rẹ̀ títí, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ ojú kìn-ín-ní tán, wọ́n ní kí n yí i. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé ibi tó ha, ó fo ọ̀rọ̀ méjì. Bàbá mi ti fi ẹnu ara wọn kọ méjèèjì kó tó balẹ̀.